Bí wọ́n ṣe kọ owó PIP fún mi, àti bí mo ṣe jàre níwájú tìrìbúnà

Àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ni wọ́n bí mọ́ mi. Nílé wa ní Ìbàdàn, SS là ń pè é, a sì máa ń rẹ ohùn sílẹ̀ tí a bá fẹ́ dárúkọ rẹ̀ kí àlejò má baà gbọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé ní London, mo ti di ọmọ onílùú níbí ní ti ìwé, mo sì ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ díẹ̀ lọ́sẹ̀ ní ọ́fíìsì kan. Mo béèrè fún owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń san fún ẹni tí àìsàn tàbí àbùkù ara ń dí lọ́wọ́, tí wọ́n ń pè ní Personal Independence Payment, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí PIP. Iléeṣẹ́ ìjọba tó ń san án kọ̀ ọ́ fún mi. Mo ní kí wọ́n tún un yẹ̀ wò, wọ́n tún kọ̀. Mo wá pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn níwájú tìrìbúnà, ìyẹn ìgbìmọ̀ adájọ́ tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, mo sì jàre. Ohun tí mo rí lójú ọ̀nà yẹn ni mo fẹ́ sọ, nítorí àwọn tí àìsàn wọn kì í hàn lójú ni ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn jù, àwa Yorùbá sì pọ̀ nínú wọn.

Kí n kọ́kọ́ mú àwọn nǹkan kan kúrò lọ́nà. PIP kì í ṣe owó ẹni tí kò níṣẹ́. Wọn kì í wo iye tó wà ní báńkì ẹni kí wọ́n tó san án, wọn kì í yọ owó orí nínú rẹ̀, èèyàn sì lè máa ṣiṣẹ́ kó máa gbà á. Láti ọdún 2013 ni wọ́n ti ń fi rọ́pò Disability Living Allowance fún àgbàlagbà tí kò tíì tó ọjọ́ orí owó ìfẹ̀yìntì. Ẹni tó bá ti kọjá ọjọ́ orí yẹn kó tó béèrè, Attendance Allowance ni tirẹ̀. Scotland náà ti ní tiwọn lọ́tọ̀, Adult Disability Payment. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá kọ “no recourse to public funds” (pé kò lẹ́tọ̀ọ́ sí owó ìrànwọ́ ìjọba) sí ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. PIP wà lára owó tí gbólóhùn yẹn ń sọ, bíbéèrè rẹ̀ sì lè kó bá ìwé èèyàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá lọ́yà tó mọ òfin ìwọ̀lú sọ̀rọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má gba ìmọ̀ràn ẹni tó ní kí ẹ kàn gbìyànjú ẹ̀ wò.

Tèmi, ìgbà tí ìbàdí mi bẹ̀rẹ̀ wàhálà ni mo béèrè. Ẹ̀jẹ̀ àwa SS kì í ṣàn geere. Sẹ́ẹ̀lì pupa inú rẹ̀ máa ń tẹ̀ bíi dòjé, á dí ojú iṣan kéékèèké, ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò bá sì dé ni ìrora ti ń bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ orí egungun itan ni ẹ̀jẹ̀ kò dé dáadáa fún ìgbà pípẹ́, egungun náà á máa kú díẹ̀díẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìbàdí òsì mi nìyẹn. Kíráísìsì, ìyẹn ìgbà tí ìrora náà bá le kọjá bó ṣe yẹ, máa ń dé, á tún lọ, ṣùgbọ́n ìrora ìbàdí kò lọ síbì kankan. Ọ̀pá ni mo fi ń rìn. Orí àga gíga ni mo ń jókòó sí dáná. Àbúrò mi obìnrin tí a jọ ń gbé ló ń dì mí mú wọ inú báàfù, òun náà ló ń bá mi wọ ṣòkòtò àti ìbọ̀sẹ̀ láàárọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́ tirẹ̀.

Orúkọ àìsàn kọ́ ni òfin PIP ń fún ní máàkì. Ohun méjìlá ni wọ́n ń wò. Mẹ́wàá jẹ́ ti ìgbé ayé ojoojúmọ́: oúnjẹ sísè, oúnjẹ jíjẹ, oògùn lílò, ìwẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, aṣọ wíwọ̀, ọ̀rọ̀ sísọ àti gbígbọ́, ìwé kíkà, bíbá èèyàn ṣe pọ̀, àti ìpinnu lórí owó. Méjì tó kù jẹ́ ti ìrìn: bóyá èèyàn lè mọ ọ̀nà dé ibi tó ń lọ, àti bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe lè gbé e jìnnà tó. Ní apá kọ̀ọ̀kan, máàkì 8 ló ń mú owó kékeré wá, 12 ló ń mú ńlá wá. Ẹni tó bá ní 7, kò gba nǹkan kan. Èèyàn lè ní àìsàn tó le ju gbogbo àìsàn lọ kó má ní máàkì kan ṣoṣo, tí kò bá sí ẹni tó kọ ohun tí àìsàn náà ń ṣe fún ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀.

Lẹ́yìn tí ẹnì kan tí wọ́n yàn ti yẹ̀ mí wò, wọ́n fún mi ní 2 lórí oúnjẹ sísè, wọ́n fún mi ní 4 lórí ìrìn. Gbogbo ìyókù, òdo. Lẹ́tà náà ní àwọn gbà pé mo ní àìsàn yìí, àwọn sì mọ̀ pé ó ń yọ mí lẹ́nu, ṣùgbọ́n mo lè ṣe àwọn nǹkan tó kù fúnra mi. Mo tẹ̀ wọ́n láago pé kí wọ́n fi ẹ̀dà ìròyìn ẹni tó yẹ̀ mí wò ránṣẹ́. Ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá sì kọ̀ fún, ìyẹn ni kó kọ́kọ́ béèrè, nítorí inú rẹ̀ ni ìdí ìpinnu wọn wà.

Ara mi gbóná nígbà tí mo kà á. Ó kọ ọ́ pé mo múra dáadáa, pé mo wo òun lójú tí mo bá ń sọ̀rọ̀, pé mo jókòó jẹ́ẹ́ títí a fi parí, pé mi ò jọ ẹni tí nǹkan kan ń dùn. Ó ní mo lè rìn ju 50 mítà lọ nítorí òun rí i tí mo rìn láti ibi ìdúró dé yàrá òun. Kò kọ ọ́ pé mo dúró lójú ọ̀nà yẹn tí mo di ògiri mú. Kò béèrè bóyá mo tún lè rìn ín padà lójú ẹsẹ̀. Mo sọ fún un pé mo ti lo oògùn ìrora tó lágbára kí n tó kúrò nílé. Kò sí gbólóhùn kan nípa rẹ̀ nínú ìròyìn náà.

Mo fẹ́ dúró síbí díẹ̀. Ọmọ SS tó bá dàgbà nílẹ̀ Yorùbá ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi àìsàn pamọ́ kó tó mọ̀wé kà. Nígbà àwọn ìyá ìyá wa, àbíkú ni wọ́n ń pe ọ̀pọ̀ nínú irú wa. Lẹ́yìn náà ó di ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó: tí ìyá àfẹ́sọ́nà bá gbọ́, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Ó di ọ̀rọ̀ iṣẹ́: ta ló fẹ́ gba ẹni tó máa ń dùbúlẹ̀? Ó di ọ̀rọ̀ ìjọ náà, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ wa pé kí a má fẹnu ara wa gba àìsàn mọ́ra. Màmá mi kọ́ mi láti di eyín pọ̀ kí n sì kí àlejò pẹ̀lú ẹ̀rín. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè àlàáfíà mi, ara le, a dúpẹ́. Mi ò bú ẹ̀kọ́ ilé yẹn. Òun ló jẹ́ kí n kàwé jáde láàárín àwọn ọmọ tí kò mọ ohun tó ń ṣe mí. Ṣùgbọ́n ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wo ojú èèyàn kó sì kọ ohun tó rí, kò mọ̀ pé ẹni tó ti ń jẹ ìrora láti kékeré kì í pariwo. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ wa ló kà sí ìlera.

Nílé ní Nàìjíríà, mi ò mọ ohun tó jọ èyí. Òfin tó lòdì sí yíya aláàbọ̀ ara sọ́tọ̀, èyí tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní January 2019, ṣe pàtàkì gan-an, ṣùgbọ́n kò sí owó oṣù fún aláìsàn nínú rẹ̀. Nítorí náà, kò sí ẹ̀gbọ́n tàbí òbí tó lè kọ́ wa bí a ṣe ń ròyìn ara ẹni fún ìjọba. Ẹnu ìlẹ̀kùn ni olúkúlùkù ń dé kó tó mọ̀ pé wọ́n ń béèrè ohun tí wọ́n ti kọ́ òun láti má sọ.

Kí èèyàn tó dé iwájú adájọ́, dandan ni kó kọ́kọ́ ní kí àwọn tó kọ̀ ọ́ tún ìpinnu wọn yẹ̀ wò. Mandatory Reconsideration ni wọ́n ń pe ìyẹn, MR lẹ́nu àwọn tó mọ̀ ọ́n. Oṣù kan ni wọ́n fún èèyàn láti ọjọ́ tí wọ́n kọ sórí lẹ́tà, kì í ṣe láti ọjọ́ tí lẹ́tà dé ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n lè gba èyí tó bá pẹ́ tí ìdí tó dára bá wà, ṣùgbọ́n kí èèyàn má fi ara sínú ewu yẹn. Mo kọ tèmi sínú ìwé, mo sì gba ẹ̀rí ní pósí ọ́fíìsì pé mo fi ránṣẹ́. Lẹ́tà kejì dé, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń fà sẹ́yìn nìyí, ó sì ń dùn mí. Lẹ́tà méjì láti ọ̀dọ̀ ìjọba tó fún ẹni tó ń ṣàìsàn láti gbà pé òun ni kò lẹ́tọ̀ọ́. Bẹ́ẹ̀, láti ọdún púpọ̀ wá, ó ju ìdajì lọ nínú àwọn ẹjọ́ PIP tí tìrìbúnà jókòó gbọ́ tí wọ́n dá fún ẹni tó pẹjọ́. Àwọn tó wà níbẹ̀ kì í ṣe òṣìṣẹ́ àwọn tó kọ̀ ọ́ lákọ̀ọ́kọ́. Wọn kì í gba owó fún ẹjọ́ náà. Oṣù kan mìíràn ni èèyàn ní láti ọjọ́ orí lẹ́tà MR, ó sì lè ṣe é lórí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí kó kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù SSCS1.

Láti ọdún 2013 ni ìjọba ti dáwọ́ sísan owó lọ́yà fún irú ẹjọ́ yìí dúró, nítorí náà ilé ìmọ̀ràn ọ̀fẹ́ ni mo gbà lọ. Ọlọ́run ṣe é, Àǹtí kan láti Ìjẹ̀bú ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Kò tíì ṣí ìwé mi tó fi bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè.

“Jókòó. Kí ni wọ́n ní o lè ṣe?”

“Àǹtí, wọ́n ní mo lè wẹ̀ fúnra mi.”

“Ṣé o lè wẹ̀?”

“Mo lè wẹ̀ o, Mà, tí àbúrò mi bá ti gbé mi wọlé.”

“Nígbà náà, o ò lè wọ báàfù. Ṣé o gbọ́ ara ẹ? ‘Mo lè’ lo fi ṣáájú. Ó yá, kí lo ṣe láàárọ̀ yìí? Bẹ̀rẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì, má fo nǹkan kan.”

Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì. Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀, ó ń dá mi dúró: báwo lo ṣe dìde? Kí lo dì mú? Báwo ló ṣe pẹ́ tó? Ta ló wà níbẹ̀? Lẹ́yìn ìgbà tó pẹ́ díẹ̀, ó ṣí ìwé òfin PIP tí wọ́n ṣe ní 2013, ó fi báírò fàlà sábẹ́ ibi méjì nínú rẹ̀. Èkínní, ìlà kẹrin: wọn kò gbọdọ̀ sọ pé èèyàn lè ṣe nǹkan àfi tó bá lè ṣe é láìséwu, kó ṣe é dé ojú àmì tó bójú mu, kó lè tún un ṣe ní gbogbo ìgbà tó bá yẹ kó ṣe é, kó má sì lò ju ìlọ́po méjì àkókò tó pọ̀ jù tí ẹni tí ara rẹ̀ le máa lò. Tí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò lè ṣe é nìyẹn. Èkejì, ìlà keje: ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ tó ju ìdajì lọ ni wọ́n máa gbé máàkì lé.

“Ẹ̀yin SS,” Àǹtí ní, “kíráísìsì lẹ máa ń kọ. Ẹ máa ń kọ ọjọ́ tí áḿbúláǹsì gbé yín. Ọjọ́ mélòó ni ìyẹn lọ́dún? Wọ́n á ní kò tó ìdajì, òtítọ́ sì ni wọ́n sọ. Ọjọ́ tí o wà nílé ni kí o sọ fún wọn.”

Gbogbo ọ̀rọ̀ mi nípa PIP, orí gbólóhùn yẹn ló dúró lé. Ọjọ́ kíráísìsì ni à ń rántí, nítorí òun ló dẹ́rù bani. Òun ni àwọn ẹbí ń sọ, òun ni dókítà ń kọ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo wà nílé, tí mo ń rẹ́rìn-ín lórí fóònù, tí mo sì nílò ẹni tó máa bá mi fa ìbọ̀sẹ̀ wọ̀, òun ló pọ̀ jù lọ nínú ọdún mi. Ọjọ́ yẹn ti mọ́ mi lára débi pé mi ò kà á sí àìsàn mọ́.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọjọ́ mi sílẹ̀. Kò gba ju ìlà mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ lálẹ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: mo gbé ìrẹsì kaná, mo jókòó tì í, àbúrò mi ló gbé ìkòkò náà sọ̀ tó sì ro omi rẹ̀ nítorí mi ò lè fi ọwọ́ méjèèjì gbé nǹkan gbígbóná láìfi ọ̀pá sílẹ̀. Ọjọ́rú: mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé, mo dúró ní ìdajì ọ̀nà, mo padà dé, mi ò lè jáde mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo fi máàpù orí fóònù wọn ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù yẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 40 mítà. Kó tó di ìgbà náà, ohun tí mo máa ń sọ ni pé kò jìnnà, mítà kò sì sí nínú “kò jìnnà”. Mo kọ àwọn ọjọ́ tó dára náà sílẹ̀. Àǹtí ní tí mo bá yọ wọ́n kúrò, kò sẹ́ni tó máa gba èyí tó kù gbọ́, ó sì tọ̀nà: òtítọ́ ni mo fẹ́ lọ sọ.

Lẹ́yìn náà, ó kan lẹ́tà àwọn elétò ìlera. Dókítà àgbà tó ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ mi kọ lẹ́tà dídára. Ó dárúkọ àìsàn náà, ó sọ nípa oògùn hydroxycarbamide tí mò ń lò, ó sọ ohun tí wọ́n rí nínú àwòrán ìbàdí mi. Ṣùgbọ́n dókítà yẹn kò tíì rí mi rí níbi tí mo ti ń wọ báàfù. Lẹ́tà tó ṣiṣẹ́ jù wá láti ọ̀dọ̀ obìnrin occupational therapist, ìyẹn elétò ìlera tó ń wo bí aláìsàn ṣe ń ṣe nǹkan nínú ilé rẹ̀, tó wá kan irin ìdìmú mọ́ ògiri báluwẹ̀ wa, tó sì gbé àga ìgbọ̀nsẹ̀ mi ga sókè. Òun ti wọn gíga etí báàfù, ó ti rí i pé mi ò lè gbé ẹsẹ̀ òsì kọjá rẹ̀ láìsí ẹni tó mú mi, ó sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ tó wá. Ìwé náà ti wà nínú fáìlì rẹ̀ látìgbà náà. Ṣe ni mo kàn béèrè fún ẹ̀dà rẹ̀. Àbúrò mi náà kọ ojú ìwé kan nípa ohun tó ń ṣe fún mi láàárọ̀ àti ní alẹ́. Ó sunkún nígbà tó ń kọ ọ́. A kò tíì jókòó ka iṣẹ́ yẹn síta rí láàárín ara wa.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀: tìrìbúnà kò lè wo bí èèyàn ṣe rí lónìí. Bí ara rẹ̀ ṣe rí ní ọjọ́ tí wọ́n ṣe ìpinnu àkọ́kọ́ ni òfin ní kí wọ́n wò. Ìbàdí mi burú sí i láàárín oṣù tí mo fi ń dúró, wọn ò sì lè fún mi ní máàkì lórí ìyẹn. Nítorí náà, lẹ́tà tuntun kò burú, ṣùgbọ́n kí ó sọ nípa àkókò tí ẹjọ́ náà dá lé.

Àwọn tó kọ̀ mí wá fi ìdì ìwé ńlá ránṣẹ́, nọ́ńbà wà lórí ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Ohun tí mo ti kọ, ohun tí wọ́n kọ, ìròyìn àyẹ̀wò, lẹ́tà gbogbo, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ó wúwo, ó sì ń dẹ́rù ba èèyàn, ṣùgbọ́n ẹ kà á tán. Nínú rẹ̀ ni èmi àti Àǹtí ti rí i pé ní ojú ewé kan, ẹni tó yẹ̀ mí wò kọ ọ́ pé òun kò ní kí n gun bẹ́ẹ̀dì àyẹ̀wò nítorí ìbàdí mi. Ní ojú ewé mìíràn, ó ní mo lè gbé ẹsẹ̀ kọjá etí báàfù láìsí ìrànwọ́. Àǹtí kọ nọ́ńbà ojú ewé méjèèjì síwájú lẹ́tà wa. Kò bú ẹnikẹ́ni nínú lẹ́tà náà. Ó kan gbé ojú ewé méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Wọ́n máa ń béèrè bóyá èèyàn fẹ́ kí wọ́n fi ìwé nìkan dá ẹjọ́ náà tàbí ó fẹ́ wá sọ tẹnu rẹ̀. Ẹ yan èyí tí ẹ ti máa sọ̀rọ̀, ì báà jẹ́ lójúkojú, lórí fóònù tàbí lórí fídíò. Ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì kò rọrùn fún lè kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé òun fẹ́ ògbufọ̀ Yorùbá, wọ́n á pèsè rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Kì í ṣe ọmọ tàbí ìyàwó ni kó máa túmọ̀, nítorí àwọn nǹkan wà tí bàbá kò ní sọ lójú ọmọ rẹ̀.

Ẹni mẹ́ta ló jókòó gbọ́ tèmi: adájọ́ kan, dókítà kan, àti ẹnì kẹta tó mọ ìgbé ayé aláàbọ̀ ara dáadáa. Yàrá náà kò jọ kóòtù tí à ń rí nínú fíìmù. Tábìlì kan ni, pẹ̀lú omi. Àwọn tó kọ̀ mí kò rán ẹnikẹ́ni wá. Adájọ́ kí mi, ó ní tí mo bá fẹ́ dìde dúró tàbí kí n sinmi, kí n sọ. Dókítà béèrè bí mo ṣe dé ibẹ̀, ibi tí táksí já mi sí, iye ìgbà tí mo dúró kí n tó dé ẹnu ìlẹ̀kùn. Ó béèrè nípa iṣẹ́ mi, mo sì ṣàlàyé pé ilé ni mo ti ń ṣe èyí tó pọ̀ jù, lórí kọ̀ǹpútà. Ó béèrè pé tí mo bá dé láti ṣọ́ọ̀bù, kí ló kàn? Mo ní mo máa ń dùbúlẹ̀. Ó ní fún ìgbà wo? Ẹnì kẹta béèrè nípa ìbọ̀sẹ̀. Ó fẹ́ mọ ẹsẹ̀ wo, ó fẹ́ mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí àbúrò mi kò bá sí nílé. Mo ní mi ò ní wọ ìbọ̀sẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìgbà kan dé tí ìbàdí bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná lórí àga yẹn. Ohun tí wọ́n ti fi tọ́ mi ni pé kí n jókòó jẹ́ẹ́ níwájú àgbà. Mo gbé ọwọ́ sókè, mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ó ń dùn mí, mo fẹ́ dìde.” Mo dìde. Mo di àga mú, mo sì ń dáhùn ìbéèrè lórí ìdúró. Kò sí ohun tó ṣòro fún mi tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ yẹn.

Wọ́n ní kí a lọ dúró níta, wọ́n sì pè wá padà kò pẹ́. Máàkì 2 fún oúnjẹ sísè, 3 fún wíwọ báàfù àti jíjáde níbẹ̀, 2 fún ilé ìgbọ̀nsẹ̀, 2 fún wíwọ aṣọ ìsàlẹ̀ ara. Mẹ́sàn-án nìyẹn. Ìrìn, 10, nítorí mi ò lè rìn kọjá 50 mítà, ọ̀pá ni mo sì fi ń rìn ín. Owó kékeré ní apá méjèèjì: ní ọdún ìṣúná 2025 sí 2026, £73.90 àti £29.20 lọ́sẹ̀ ni, wọ́n sì san án padà láti ìgbà tí mo ti béèrè. Àwọn máàkì ìrìn yẹn tún ṣí ọ̀nà Blue Badge fún mi, kí ọkọ̀ tó gbé mi lè dúró nítòsí ibi tí mò ń lọ. Àbúrò mi kúrò nínú gbígbé mi lọ gbé mi bọ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Táksí ń ṣe díẹ̀ nínú rẹ̀ báyìí.

Ẹni tó ti ń gba owó kékeré tó fẹ́ pẹjọ́ fún ńlá gbọ́dọ̀ mọ̀ pé tìrìbúnà lè dín èyí tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kù. Èmi kò ní nǹkan kan lọ́wọ́, nítorí náà kò sí ohun tí wọ́n lè gbà. Ẹni tí tìrìbúnà náà bá sì dá lẹ́bi, kó béèrè fún ìwé ìdí ìdájọ́ láàárín oṣù kan. Upper Tribunal ló kàn, ṣùgbọ́n àṣìṣe nínú òfin nìkan ni wọ́n ń gbọ́ níbẹ̀, wọn kì í tún ìtàn ìbọ̀sẹ̀ gbọ́.

Láti ìgbà náà, àwọn èèyàn ìjọ wa máa ń pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn ìsìn. Ìyá kan sọ fún mi pé òun kò lè kọ ọ́ pé ọmọ òun kò lè ṣe nǹkan, pé ńṣe ni òun máa dà bí ẹni tó ń ṣépè fún un. Mo bá wọn jókòó pẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Mo ní, “Mà, Ọlọ́run tí ẹ ń gbàdúrà sí ti mọ bí ọmọ yín ṣe ń gun àtẹ̀gùn. Àwọn tó ń ka fọ́ọ̀mù ni kò mọ̀.” Mo gbà á gbọ́ pẹ̀lú gbogbo ọkàn mi pé sísọ òtítọ́ ara ẹni fún ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti gbọ́ ọ kò tako ìgbàgbọ́.

Ọmọkùnrin wọn ni wọ́n kọ̀ fún lóṣù yìí. Òun náà ní SS, òdo ni wọ́n fún un ní apá méjèèjì, nítorí ó sọ fún ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò pé òun ń “mánéèjì”. Ọ̀sẹ̀ kan àti díẹ̀ ló kù kí oṣù rẹ̀ pé. A ti béèrè fún ìròyìn àyẹ̀wò rẹ̀, ó ti ń kọ ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lálaalẹ́, Àǹtí sì ti ní kó máa bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ pẹ̀lú gbogbo lẹ́tà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.